Orlando Martins: ọmọ Èkó tó ti ń ṣe fíìmù kí Nàìjíríà tó ní fíìmù tirẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ ṣe fíìmù, àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan á ní Hubert Ògúńdé ni. Ẹlòmíì á ní ó tì o, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love ló ṣáájú Ògúńdé dé ojú sinimá. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkẹta, tó sábà máa ń jẹ́ àgbà ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, á dárúkọ Orlando Martins. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ á wá máa wo ara wọn lójú. Martins wo? Ṣé ọmọ wa ni tàbí òyìnbó?

Ọmọ wa ni. Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú okùn tó lọ́ pọ̀ yìí. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń jiyàn yẹn; ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Ẹni tó dárúkọ Ògúńdé tàbí Adé Love ń ronú fíìmù tí àwa fúnra wa ṣe, tí a fi èdè Yorùbá sọ. Ẹni tó dárúkọ Martins ń ronú ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n ti ń rí ojú rẹ̀ nínú fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni yòówù kó ni fíìmù náà. Ẹlòmíràn sì tún lè dìde pé fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ yà lórí ilẹ̀ Nàìjíríà ńkọ́? Ìyẹn náà ní ìdáhùn tirẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tó mú un wá. Ní 1926, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Geoffrey Barkas ya fíìmù Palaver ní agbègbè olókè tí ìpínlẹ̀ Plateau wà lónìí. Àwọn ará ibẹ̀ ló lò nínú rẹ̀, àwọn Sura àti Angas, láti fi sọ ìtàn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan àti òyìnbó awakùsà tí ìjà wọn di ogun. Fíìmù aláìfọhùn ni. Òyìnbó ló kọ ọ́, òyìnbó ló darí rẹ̀, òyìnbó ló ni owó rẹ̀. Ilẹ̀ àti ojú àwọn ènìyàn nìkan ni tiwa. Ó tó ọdún mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn ìyẹn kí ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó gbé fíìmù ńlá jáde, ní 1970. Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Love sì jẹ́ olórí òṣèré rẹ̀, jáde ní 1976, òun sì ni wọ́n ń kà sí fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́. Ayé ti Ògúńdé tẹ̀ lé e ní 1979. Ògúńdé ti ń ṣe eré orí ìtàgé láti nǹkan bí ọdún 1944, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé fíìmù rẹ̀ náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1926 kan náà tí Barkas ń gbé kámẹ́rà kiri ní òkè ọya, ọmọ Èkó kan ti wà níwájú kámẹ́rà ní ìlú London. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Kò mọ̀ pé Barkas wà níbì kankan, Barkas náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ti orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́nà ná. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni wọ́n bí Orlando Martins ní Èkó, ládùúgbò Òkè-Sùnà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀, ìdílé bàbá náà sì ní orírun ní Bràsíl. Àgùdà ni a ń pe irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Nígbà tí àwọn kan rí òmìnira ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n padà wálé, wọ́n sì tẹ̀dó sí àárín Èkó, níbi tí a ń pè ní Pópó Àgùdà títí dòní. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú bọ̀, pẹ̀lú ìsìn Kátólíìkì, fúrèjọ̀n tí gbogbo ọmọ Èkó ń jẹ lọ́jọ́ Ẹtì Rere, àti orúkọ Potogí: da Silva, Pereira, da Rocha, Martins. Ẹni tó bá gbọ́ Orlando Martins tó rò pé òyìnbó ni, orúkọ ló tàn án. Àwọn baba ńlá náà lọ sí òkè òkun pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ní ọrùn, orúkọ náà sì bá àwọn tó ni ín padà wálé.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé Eko Boys' High School ní 1913, ọdún tí wọ́n dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò parí níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó bá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun parí, ó sì jókòó sí London.

Ohun tó ṣe jẹun ní London láwọn ọdún yẹn kò lóǹkà. Ó ṣe ọdẹ alẹ́. Ó fọ abọ́ nínú ilé ìdáná. Nítorí pé ó ga, ó sì tóbi, ó di oníjàkadì tí wọ́n ń pè ní Black Butcher Johnson. Ó bá àwọn onísẹ́kọ́ọ̀sì (circus) rìn, ejò ló sì ń fi dá àwọn èrò lára yá níbẹ̀. Ní 1920 ó dúró lórí ìtàgé pẹ̀lú ẹgbẹ́ oníjó Rọ́ṣíà tí Diaghilev ni, lára àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Àwọn mìíràn máa ń fi apá ìgbésí ayé rẹ̀ yìí pa àwàdà. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Irú iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní ìlú náà nígbà yẹn nìyẹn, ó sì ṣe wọ́n láìsí ẹni tó lè sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn máa gbé e dé ibì kan.

Láàárín iṣẹ́ wọ̀nyí ni fíìmù ti wọlé, ẹnu ọ̀nà wákà-pàásì ló sì gbà wọlé. Ẹ mọ̀ wọ́n nínú fíìmù tiwa náà: ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn olórí òṣèré, ẹni tó gbé àwo wọlé tó sì jáde, ẹni tó dúró ti ilẹ̀kùn, ẹni tó wà láàárín èrò ọjà. Fíìmù ayé ìgbà náà kò tíì ń fọhùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó bìkítà bóyá òṣèré ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Èkó. Ara àti ojú ni wọ́n ń wá, Martins sì ní méjèèjì.

Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ mìíràn ti ṣẹ̀. Bí ẹ bá ka nípa Martins níbì kan, ẹ lè rí iye fíìmù kan. Níbòmíràn, iye náà yàtọ̀. Wọn kì í kọ orúkọ wákà-pàásì sára fíìmù. Ẹni tó bá fẹ́ ka iṣẹ́ rẹ̀ láti 1926 títí di nǹkan bí 1934 ní láti máa wá ojú rẹ̀ nínú èrò. Ìdí nìyẹn tí èmi kò fi ní sọ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ pátápátá nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn lè ti kọjá níwájú kámẹ́rà London ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n má sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ohun tó dájú ni pé nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀, Martins wà ní iwájú pátápátá, òun ló sì fi iṣẹ́ náà ṣe ayé.

Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn ní ìparí àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ òṣèré òyìnbó ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ohùn. Ti Martins kò rí bẹ́ẹ̀. Olóhùn ni, ó ti bá ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré olórin Show Boat yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká gẹ́gẹ́ bí akọrin.

Fíìmù tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ hàn dáadáa nínú rẹ̀ ni Sanders of the River, ti 1935. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá lóye fíìmù yìí, ẹ ti lóye ọ̀nà tí Martins rìn fún ọgbọ̀n ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìtàn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ni, Sanders, tó ń ṣàkóso àwọn èèyàn etí odò ní Nàìjíríà abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbọ́ dáadáa: Nàìjíríà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe Bosambo, ìjòyè adúláwọ̀ tó jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà fún Sanders, Paul Robeson ni wọ́n mú, ọmọ Amẹ́ríkà, gbajúgbajà olórin. Nina Mae McKinney, ọmọ Amẹ́ríkà náà, ló ṣe ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà gidi tó wà nínú fíìmù nípa Nàìjíríà yìí, ipa kékeré ló rí gbà, ẹnìkan tí wọ́n pè ní K'Lova. Orúkọ náà kò jọ ti ẹ̀yà kankan tí mo mọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Wọ́n rán àwọn ayàwòrán lọ sí Áfíríkà láti ya ijó àti odò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ abúlé tí àwọn òṣèré ti ṣeré sí, nínú ọgbà sítúdíò Shepperton. Adúláwọ̀ tó bá wà nítòsí ni wọ́n kó jọ láti fi ṣe ará abúlé náà. Jomo Kenyatta, ẹni tó di ààrẹ Kẹ́ńyà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn wákà-pàásì ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà ní London. Robeson gbàgbọ́ pé fíìmù náà máa fi iyì àṣà Áfíríkà hàn. Nígbà tí wọ́n gé e tí wọ́n sì tò ó tán, ó rí i pé ìyìn ìjọba amúnisìn ló dà, ó sì kọ̀ ọ́ ní gbangba.

Robeson lè kọ̀ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ti tóbi, ilé orin kárí ayé ń dúró dè é. Martins kò ní irú àyè yẹn. Bó bá kọ ipa ìjòyè, ipa babaláwo tàbí ipa ọmọ-ọ̀dọ̀, kò sí ipa dókítà tàbí olùkọ́ tó ń dúró dè é lódì kejì. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan lóde òní máa ń wo àkójọ ipa tó ṣe, wọ́n á ní ó ta ara rẹ̀ fún òyìnbó. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ láti yàn nínú rẹ̀.

Orí ìtàgé ni ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ hàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, ní ilé eré Westminster Theatre ní London, wọ́n ṣe eré tí C.L.R. James, ọmọ Trinidad, kọ nípa Toussaint Louverture àti àwọn ẹrú ilẹ̀ Háítì tó gba òmìnira ara wọn lọ́wọ́ Faransé. Robeson ni Toussaint. Martins ni Boukman, àwòrò tó kó àwọn ẹrú jọ lóru ọjọ́ tí ọ̀tẹ̀ 1791 bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fún ní ipa náà: ọmọ tí àwọn baba rẹ̀ ti oko ẹrú Bràsíl padà dé Èkó. Nínú gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀, eléyìí ni ì bá wù mí jù láti fojú ara mi rí, eré orí ìtàgé kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ipa ńlá tó dé fún un nínú fíìmù. Nínú Men of Two Worlds, ti 1946, òun ni Magole, adáhunṣe abúlé kan ní Tanganyika. Robert Adams, ọmọ Guyana, ló ṣe Kisenga, ọmọ abúlé náà tó ti di olórin ní Yúróòpù, tó padà wálé láti ran ìjọba lọ́wọ́ kó àwọn ènìyàn kúrò níbi tí àìsàn oorun ti ń pa wọ́n. Magole ní ẹnikẹ́ni kò ní kúrò. Ẹni tó kọ ìtàn náà ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé Magole ni ọ̀tá, òyìnbó ni olóye. Síbẹ̀, láìsí Magole kò sí ìtàn. Agbára méjì tó kọjú síra wọn nínú fíìmù náà, adúláwọ̀ ló gbé méjèèjì rù. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n ní 1946.

Ipa tí mo fẹ́ràn jù nínú fíìmù rẹ̀ ni Blossom. The Hasty Heart ni wọ́n pe fíìmù náà, 1949 ló jáde. Martins sì ti kọ́kọ́ ṣe ipa kan náà lórí ìtàgé ní London ní 1945. Ilé ìwòsàn ológun ní Bọ́mà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà ogun. Àwọn ìdílé Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ orúkọ Bọ́mà; àwọn bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa lọ jagun níbẹ̀, àwọn kan kò sì bọ̀. Nínú yàrá aláìsàn kan, àwọn ọmọ ogun láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Blossom ni adúláwọ̀ ibẹ̀, ọmọ ogun láti gúúsù Áfíríkà. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Wọ́n gbé ọmọ Scotland kan wọlé, Lachie, tó máa kú láìpẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Dókítà ti sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n fi ọ̀rẹ́ hàn sí i. Nígbà tí Lachie wá mọ̀, inú bí i: àánú lásán ni wọ́n ń ṣe mí! Ó kọ ọ̀rẹ́ gbogbo wọn, ó sì kọ ìlẹ̀kẹ̀ tí Blossom fi ta á lọ́rẹ. Blossom ńkọ́? Kò gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ń kú lọ. Ìfẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kò ní àánú nínú. Orí èyí ni gbogbo ìtàn náà dúró lé, ọwọ́ òṣèré tí wọn kò fún ní ọ̀rọ̀ láti sọ ni wọ́n sì fi í sí. Ẹni tó ti ń fi ojú àti ara ṣiṣẹ́ láti ayé fíìmù aláìfọhùn ló lè gbé irú ipa bẹ́ẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ ń tẹ̀ lé iṣẹ́. Where No Vultures Fly ní 1951, West of Zanzibar ní 1954, Simba ní 1955, fíìmù Tarzan kan ní 1957, The Nun's Story pẹ̀lú Audrey Hepburn ní 1959. Kẹ́ńyà ni ìtàn kan, Zanzibar ni òmíràn, Kóńgò lèyí, igbó tí kò lórúkọ nìyẹn. Ẹ rí ibi tí àwọn kan ti mú un pé ará Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni. Lójú àwọn tó ń ṣe fíìmù wọ̀nyẹn, Áfíríkà kan ṣoṣo ló wà. Ọmọ Èkó lè jẹ́ Kikuyu láàárọ̀, kó di ará Kóńgò ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan tún máa ń pè é ní òṣèré Hollywood. Fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. The Hasty Heart pàápàá, tí owó Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, sítúdíò Elstree ní ẹ̀gbẹ́ London ni wọ́n ti yà á.

Ní 1959 ó padà sí Èkó. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ló kù díẹ̀ kó jẹ́, kò sì tíì fi fíìmù sílẹ̀. Bí wọ́n bá nílò rẹ̀, á lọ, á sì bọ̀. Sammy Going South ti 1963 àti Mister Moses ti 1965 wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1970 tí mo mẹ́nu bà lókè. Francis Ọládélé àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Calpenny, gbé eré Wọlé Ṣóyínká, Kongi's Harvest, sí ojú fíìmù. Ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ kan, Ossie Davis, ló darí rẹ̀, èyí ló ń mú kí àwọn kan máa jiyàn bóyá a lè pè é ní fíìmù Nàìjíríà tàbí a kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ti Nàìjíríà ni: ọmọ ilẹ̀ yìí ló gbé e jáde, ọmọ ilẹ̀ yìí ló kọ ìtàn rẹ̀, ilẹ̀ wa ni wọ́n sì ti yà á. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi. Orlando Martins ló ṣe Dókítà Gbénga.

Ẹ tún orúkọ yẹn kà. Lẹ́yìn K'Lova, lẹ́yìn Magole, lẹ́yìn Blossom, lẹ́yìn gbogbo ìjòyè igbó tí kò sẹ́ni tó mọ ìlú wọn, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Òkè-Sùnà di àádọ́rin ọdún kí fíìmù tó pè é ní Gbénga. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ó tún kópa nínú fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú ìwé Chinua Achebe. Obierika ló jẹ́ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Okonkwo.

Èkó náà ló kú sí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Adé Love ti ṣe Àjàní Ògún, Ògúńdé ti ṣe Ayé, sinimá Yorùbá sì ti ń kún gbọ̀ngàn láti Èkó dé Ìlọrin kó tó lọ.

Púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀ ṣì wà. Bí ẹ bá máa wo ọ̀kan ṣoṣo, ẹ wo The Hasty Heart. Ẹ máa rí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan nínú yàrá aláìsàn yẹn, Ronald Reagan ni, ẹni tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981. Ẹ má jẹ́ kí ojú yín dúró lára rẹ̀ jù. Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì tí ọkùnrin dúdú gìrìpá kan wà, tí kò sọ̀rọ̀, tó di ìlẹ̀kẹ̀ mú lọ́wọ́.